Inú ń run ọmọ, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bí àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ṣe ń da ìfun láàmú

Bí ọmọdé bá ní inú ń run òun, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn òbí nílẹ̀ wa kì í pọ̀: aràn, jẹ̀díjẹ̀dí, taifọ́ọ̀dù, tàbí oúnjẹ tó jẹ lánàá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú wọn náà ni. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó lè fi inú rírun bẹ̀rẹ̀, tí kì í ṣe aràn, tí kì í ṣe taifọ́ọ̀dù, tó sì jẹ́ pé àmì tó máa tú àṣírí rẹ̀ kò sí níkùn rárá. Ẹsẹ̀ ló wà.

IgA vasculitis ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é lónìí. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn ṣì ń pè é ní Henoch-Schönlein purpura, tàbí HSP ní ìkékúrú. Nínú àwọn àìsàn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wú, òun ló wọ́pọ̀ jù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbàáyé. Nínú ènìyàn 10 tó bá ń ṣe, nǹkan bíi 9 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 10. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń yè é láìsí wàhálà. Àwọn díẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún, ìfun tàbí kíndìnrín ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Páìpù ló ń jò

Ẹ̀jẹ̀ kì í kàn ṣàn káàkiri ara, inú iṣan ló ń gbà. Àwọn iṣan kan tóbi, irú èyí tó ti inú ọkàn jáde. Wọ́n á pín, wọ́n á tún pín, títí wọ́n á fi di ohun tó tín-ín-rín ju fọ́nrán irun lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tíntìntín ìkẹyìn yìí ni iṣẹ́ gidi wà: ibẹ̀ ni atẹ́gùn àti èròjà oúnjẹ ti ń bọ́ sínú ẹran ara, ibẹ̀ náà sì ni ìdọ̀tí ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ padà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní vasculitis ni pé ara iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ wú, ó gbóná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò dáa o. Páìpù tó ń gbé e ló ń jò.

Bí iṣan tí àìsàn mú bá ṣe tóbi tó ló máa ń sọ irú ọṣẹ́ tó máa ṣe. Ẹ ronú nípa omi ẹ̀rọ. Bí páìpù ńlá tó wọ àdúgbò bá dí, gbogbo ilé ni kò ní rómi lò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ páìpù kékeré inú ògiri ló ń jò, omi á ṣì máa dé ilé ìdáná, ògiri ni yóò máa rin, tí yóò máa wú, tí ọ̀dà rẹ̀ yóò máa bó. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìfun. Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ polyarteritis nodosa, iṣan alábọ́dé ló ń bá jà. Bí èyí tó ń bọ́ apá kan ìfun bá dí, apá yẹn lè kú. IgA vasculitis ní tirẹ̀, iṣan tíntìntín ló ń mú. Nítorí náà, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé ara ìfun wú, ó rin gbindin, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Kíkú ìfun tàbí ìfun lílu kì í wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tó yíwọ́

Kí ló wá ń ba àwọn iṣan náà jẹ́? Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀. Lára ohun ìjà wọn ni àwọn èròjà kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn kí ó má bàa ráyè wọlé. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tó ń jẹ́ IgA ni ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè: ó pọ̀ ní imú, ní ọ̀nà ọ̀fun, àti jù lọ nínú ìfun, torí ibẹ̀ ni ohun tó ti ìta wá ti ń kọ́kọ́ kan ara.

Lára àwọn tó ní àìsàn yìí, àwọn kan nínú èròjà IgA wọn kò pé. Ara máa ń fi ẹ̀ka ṣúgà kéékèèké so mọ́ èròjà yìí nígbà tó bá ń ṣe é. Tiwọn ni apá kan ṣúgà náà máa ń dín nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ní ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn, ara á ṣe IgA lọ́pọ̀ yanturu láti bá kòkòrò jà. Àwọn tí kò pé wọ̀nyí á dì mọ́ra wọn, wọ́n á ṣù, ẹ̀jẹ̀ á gbé wọn lọ, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ara iṣan tíntìntín. Ni àwọn ọmọ ogun ara tó kù bá dé. Wọ́n rí ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n rò pé ọ̀tá ni, wọ́n bá dáná sun ún, àti ògiri, àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá bi òbí léèrè dáadáa, ọ̀pọ̀ á sọ pé ọmọ náà ṣe ọ̀fìnkìn tàbí kó wúkọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ṣáájú. Ọ̀fìnkìn yẹn ti lọ. Ìjà tó dá sílẹ̀ ni kò tíì parí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun gan-an

Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Inú rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ bíi rọ́bà o, ó ní ìrun kéékèèké bí ara aṣọ ìnura. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìrun wọ̀nyí ló ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Kódà nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́ tí a ò ṣe nǹkan kan, nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí ìdá márùn-ún kan ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà ara tó ń da oúnjẹ. Tí a bá wá jẹun, ó tún ń pọ̀ sí i. Ibi tí iṣan tíntìntín bá pọ̀ tó báyìí, àìsàn iṣan tíntìntín kò ní ṣàì yà síbẹ̀. Èyí tó ju ìlàjì lọ nínú àwọn ọmọ tó ní in ni inú máa ń run.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Iṣan inú ògiri ìfun á jò. Omi àti ẹ̀jẹ̀ á dúró sáàárín awẹ́ ògiri náà, ògiri á nípọn, ọ̀nà oúnjẹ á fún. Ìfun tó yẹ kó máa sún oúnjẹ síwájú wọ́ọ́rọ́wọ́ á wá máa fún ara rẹ̀ mọ́ ibi tó wú. Ìrora á dé, á lọ, á tún dé, ní àyíká ìdodo. Ó sábà máa ń le sí i lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ìfun ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ọ̀nà kò sì dán mọ́rán. Èébì lè tẹ̀ lé e.

Bí awọ inú ìfun bá wá bó, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà mìíràn kò ní hàn sójú, àyẹ̀wò ìgbẹ́ nìkan ló máa rí i. Nígbà mìíràn ìgbẹ́ á dúdú, á máa lẹ̀ bí ọ̀dà ojú títì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa ni ẹ máa rí. Bí àwọn dókítà bá fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo inú ìfun, ibi tí wọ́n sábà ń bá egbò ni apá ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, lẹ́yìn tó kúrò lára àpòlúkù, àti òpin rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ pàdé ìfun ńlá.

Nígbà tí ìfun bá wọ inú ìfun

Èyí ni jàǹbá tó ń gbé ọmọ dé yàrá iṣẹ́ abẹ jù nínú àìsàn yìí. Kì í wọ́pọ̀, nínú ọmọ 100 kì í ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ rántí bí ọwọ́ aṣọ ṣe máa ń wọ inú ara rẹ̀ nígbà tí a bá sáré bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun lè ṣe. Ibi tó wú tó ṣù bíi kókó, ìfun tó wà níwájú á gbà pé oúnjẹ ni, á gbá a mú, á sì fà á wọnú ara rẹ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá á fún pọ̀, apá yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò ní àìsàn yìí náà máa ń ní ìfun-wọ-ìfun, àmọ́ tiwọn sábà máa ń jẹ́ níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Dókítà lè ti ojú ìdí fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó tì í padà. Nínú IgA vasculitis, ó sábà máa ń jẹ́ ìfun kékeré ló wọ inú ìfun kékeré, ní òkè réré ibi tí afẹ́fẹ́ tó gba ìdí wọlé kò lè dé dáadáa. Nítorí náà, sìkáànì ikùn ló yẹ kó kọ́kọ́ wáyé, kí wọ́n lè mọ ibi tó wà gan-an. Nígbà mìíràn ó máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá tú, abẹ ló kù.

Àmì mẹ́rin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dé

Ibi mẹ́rin ni àìsàn náà máa ń fọwọ́ bà: awọ ara, oríkèé, ìfun, àti kíndìnrín.

Awọ ara ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ tó ní in ló máa ń ní tirẹ̀. Àmì kéékèèké á yọ sí ẹsẹ̀ àti ìdí, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wúwo sí jù nítorí pé ìsàlẹ̀ ni. Ó máa ń wú sókè, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fi ìdí ife gíláàsì tẹ̀ ẹ́, kò ní parẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti jò síta iṣan, kò sí ibi tó máa sá lọ.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tó sọ nípa àìsàn yìí ló ń júwe àmì pupa lára ọmọ aláwọ̀ funfun. Lára ọmọ tó dúdú, kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó lè dà bí ojú ibi tí ọmọ ti fara gbá nǹkan, tàbí bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ẹ má fi iná yàrá nìkan wò ó, ẹ mú ọmọ bọ́ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ lè rí ohun tí ojú kò rí.

Oríkèé tó máa ń dùn jù ni orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ lè máa tiro. Kì í ba oríkèé jẹ́ títí láé, ó ń lọ ni. Bí ọmọ bá jẹ́ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, oríkèé dídùn pẹ̀lú inú rírun kì í ṣe nǹkan tuntun nínú ilé, ó sì rọrùn láti sọ pé ìyẹn náà ló tún dé. Ẹ ṣì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn àmì wọ̀nyí kì í pawọ́ pọ̀ dé. Nínú nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá sí ọ̀kan nínú márùn-ún, inú á ti máa run ọmọ fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ara tó sú. Lásìkò yẹn, ó jọ àpẹ́ńdíìsì gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ kan ti gba abẹ tí wọn kò nílò, kí àmì tó yọ lẹ́sẹ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ ká wo ẹsẹ̀ àti ìdí,” kó sì tún wò ó lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i, kálukú rí ẹ̀ka kan

Ìtàn orúkọ àìsàn yìí fi hàn bó ṣe rọrùn tó láti rí apá kan kí a má rí èkejì. Johann Lukas Schönlein, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé ní ọdún 1837 pé àmì ara àti oríkèé dídùn máa ń rìn pọ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Eduard Henoch, tó di dókítà àwọn ọmọdé ní Berlin, ló fi inú rírun àti ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ kún un ní ọdún 1874, òun náà ló sì tọ́ka sí kíndìnrín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Heberden, ti rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lára ọmọkùnrin ọdún 5 kan ṣáájú wọn: inú ń run ún, ó ń bì, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀, àmì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1802, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ tó ṣe àtúntò orúkọ àwọn àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ pinnu pé kí orúkọ náà máa sọ ohun tó ń fa àìsàn dípò orúkọ ẹni tó rí i. Báyìí ló ṣe di IgA vasculitis.

Ṣé ó ń ṣe ọmọ aláwọ̀ dúdú?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 láti agbègbè West Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Birmingham wà, rí i pé lọ́dọọdún, nínú ọmọ 100,000, nǹkan bí 20 ló ń ní in. Láàárín àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Íńdíà àti àyíká rẹ̀ wá, 24 ni. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 18. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 6. Ó kéré lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n kékeré kọ́ ni kò sí. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé ohun tí ojú kò wá, ojú kò lè rí.

Ohun tí ilé ìwòsàn yóò ṣe, àti ohun tí ẹ kò ní ṣe nílé

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó máa sọ pé òun nìyí. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ láti rí i pé àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kò dín. Nínú àìsàn yìí, wọn kì í dín, èyí sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àìsàn mìíràn tó ń mú ara ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì ṣe sìkáànì bí inú bá ń run gan-an. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rú wọn lójú, wọ́n lè gé awọ kín-ún láti yẹ ẹ́ wò.

Ìtọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìsinmi, omi tó pọ̀ tó, àti paracetamol fún ìrora. Bí inú rírun bá le, dókítà lè fún ọmọ ní prednisolone. Ó ń mú kí ìrora tètè lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn pé kò ní kí kíndìnrín má bàjẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe oògùn tí ẹ máa lọ rà fúnra yín ní kẹ́míìsì.

Oògùn ìrora bíi ibuprofen, diclofenac àti piroxicam, tí a máa ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n lè dá egbò sí inú kí wọ́n sì ni kíndìnrín lára. Ẹ má fún ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jẹ̀. Bákan náà ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tàbí ohunkóhun tó ń ṣí inú. A ò bá àgbo jà o, àmọ́ ẹ rò ó wò: ìfun tó wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó fẹ́ wọ inú ara rẹ̀, ṣé òun ló yẹ ká tún nà lẹ́gba pé kó sáré?

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn kíákíá bí ìgbẹ́ bá dúdú tàbí tó lẹ́jẹ̀, bí èébì bá ní àwọ̀ ewé, bí ikùn bá le tí kò gba ọwọ́, tàbí bí ọmọ bá ń káwọ́ mẹ́sẹ̀ tó ń ké, tó dákẹ́, tó tún ń ké. Bí àmì tí gíláàsì kò pa rẹ́ bá wá pẹ̀lú ibà gbígbóná àti ọrùn líle, ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn. Ìyẹn kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Inú ti dákẹ́, ó ku kíndìnrín

Láàárín nǹkan bí oṣù kan, ara ọ̀pọ̀ ọmọ á ti yá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni yóò tún padà ṣe, ó sì sábà máa ń rọjú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń jó ijó ayọ̀, tí wọn kì í padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kíndìnrín náà kún fún iṣan tíntìntín, IgA sì lè lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìfun máa ń pariwo, kíndìnrín kì í pariwo. Kò ní dun ọmọ. Inú ìtọ̀ nìkan ló máa ń hàn sí, bí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí, tàbí pùrótéènì tó ń jò. Bí yóò bá mú kíndìnrín, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń hàn kí oṣù 6 tó pé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ní kí ẹ máa gbé ìtọ̀ ọmọ wá fún oṣù 6, kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń sáré kiri. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ ni àyẹ̀wò náà, kò le, kì í sì í pẹ́. Àwọn tí kíndìnrín wọn máa ń dẹnu kọlẹ̀ pátápátá kéré gan-an, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ nítorí pé ẹnì kankan kò wo ìtọ̀ ni ti ọmọ yín fi máa wà lára wọn.

Àgbàlagbà náà lè ní IgA vasculitis. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń le jù, pàápàá ní kíndìnrín. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mìíràn tún wà tó ń mú iṣan tíntìntín àgbàlagbà. Ọ̀kan nínú wọn, EGPA, máa ń ṣe àwọn tí ikọ́ asímà ti ń yọ lẹ́nu, òun náà sì lè wọ ìfun kó fa inú rírun àti ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni tó ní asímà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní inú rírun tí kò lọ, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń kú tipiri, kó sọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ fún dókítà kan náà, kó má ṣe gbé inú lọ síbì kan kó gbé ẹsẹ̀ lọ síbòmíràn.

Ẹ kọ ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ yọ sí ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn ọmọ, kí ẹ ka oṣù 6 láti ibẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí ọjọ́ àyẹ̀wò ìtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí inú ọmọ mìíràn bá wá ń run nínú ilé tàbí ní ìtòsí yín, kí ẹ tó sọ pé aràn ni, ẹ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè ná.